Ibi Tí Nẹ́ẹ̀tì Wa Ti Pàdé Tiwọn

Ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ kán sórí nẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi kọ́ ni mo fà á. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa ló bẹ̀rẹ̀ tó ń fi èèkàn irin kan etí nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ni ọmọ onílẹ̀ kan bá yí ṣọ́bìrì padà, ó fi igi rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn tutọ́ sílẹ̀, ó wo ohun tó tu, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ pupa bí ọmọdé tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó dìde, ìjà ti gba gbogbo ara òkè.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó gbọ́ ọ nílùú, òjò ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa la ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń ra ilẹ̀ àgbègbè Ọ̀tà bí ẹni ń ra àkàrà. O máa kọjá níbì kan lónìí, oko ẹ̀gẹ́ ni. Tó o bá fi máa padà wá, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, wọ́n ti gbé géètì tó ga ju ilé lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ra òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sórí rẹ̀. Kátapílà dé, ó bẹ́ orí òkè náà bí ẹni bẹ́ ewúrẹ́ ọdún, ó ti gbogbo ilẹ̀ tó bẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilẹ̀ yẹn wá dúró gangan bí ògiri, ó yọ orí sí ilé Ìyá tó wà nísàlẹ̀.

Ìyá ni onílé mi. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, arúgbó tinrín kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Èmi wá láti apá Ọ̀ṣun ní tèmi. Ìwé mẹ́ta girama ni mo kà mọ. Ilé-iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní géètì ibẹ̀ láàárọ̀, àwa tí à ń wá iṣẹ́ máa ń pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ẹni tó bá fi ìgúnpá lànà ló ń wọlé. Wọ́n ti fi bẹ́líìtì nà mí níbẹ̀, èmi náà ti fi orí kan ènìyàn nímú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé kí n kọ́kọ́ gbá ná, kí n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní Ṣàngó tí mo wá gba yàrá lọ́dọ̀ Ìyá, mo kó ẹ̀kọ́ yẹn mọ́ ẹrù mi.

Iwájú ilé Ìyá ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú sàréè náà. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ilẹ̀ kan wà tó mọ́ nini, kò sí koríko, kò sí òkúta. Ìyá máa ń gbá a láràárọ̀. Tí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, òkò ló fi ń lé e.

“Ìyá, kí lẹ ń tọ́jú ibí yìí fún ná?” mo bi í lọ́jọ́ kan.

“Ibùsùn mi ni. Kí wọ́n gbé mi síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ olówó orí mi. Àbí o fẹ́ kí n fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ṣeré o. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti sọ fún, ó ti sọ fún ààfáà mọ́ṣáláṣí, ó sọ fún èmi tí mo jẹ́ àlejò. Kò sí ohun mìíràn tó ń béèrè láyé mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn tí kátapílà bẹ́ òkè, ẹrẹ̀ pupa ṣàn wálẹ̀, ó bo ìdajì sàréè náà. Ìyá mú ọ̀pá rẹ̀, ó gun òkè lọ, ó lọ jókòó síwájú kátapílà. Awakọ̀ náà tẹ fèrè títí.

“Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀ o! Ẹ máa kú o!”

“Ṣebí ọkọ mi tó ti kú, ẹ tún ń sin ín lẹ́ẹ̀kejì? Ó yá, gùn mí kọjá, kó o sin àwa méjèèjì pọ̀!”

Ó fi ọ̀pá na irin kátapílà náà títí ọ̀pá fi ṣẹ́. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì sá jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe lọ mú ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì wá nìyẹn, tí èmi náà fi rí iṣẹ́ níbẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì náà dúdú, ike ni, ṣùgbọ́n ike tí kò mọ eré. Ọkùnrin mélòó kan lè fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún, kò ní já. Aṣọ kan tún wà tó ń bá a rìn, ó nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì: omi máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ bá omi lọ. A máa tẹ́ méjèèjì wọnú òkè, a máa fà wọ́n le, a kàn wọ́n mọ́lẹ̀, a da ilẹ̀ lé wọn, rólà á wá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le bí òkúta. Etí tó kù níta, a máa ká a padà sórí ilẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ. A ó tún tẹ́ òmíràn lé e. Ìpele lórí ìpele bẹ́ẹ̀ títí dókè.

“Ilẹ̀ yìí fẹ́ sá lọ sísàlẹ̀,” ẹnjiníà sọ fún wa. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Nẹ́ẹ̀tì ló máa dì í lẹ́sẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ibi tí nẹ́ẹ̀tì kan bá ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gun ara wọn dáadáa. Bíi páànù orí ilé. Páànù tí kò bá gun ara wọn, kí ló máa ṣẹlẹ̀?”

“Á jò!” gbogbo wa dáhùn.

“Ẹ ti gbọ́.”

A gbọ́ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó gbàgbé nínú wa. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé tí nǹkan méjì bá máa gun ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti kó kùmọ̀ wá sí sáìtì lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àlejò kankan ò ní ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ bàbá àwọn kí àwọn máa fojú wò ó. Fóòmàn wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí kò fẹ́ràn ariwo, pín iṣẹ́ sí méjì láti fi pa iná náà. Àwa tí a wá láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn ọmọ onílẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Ìtẹ̀lé, a ó pàdé láàárín. Láàárín yẹn, òkè orí ilé Ìyá gan-an ni.

Ọmọ-ọmọ Ìyá ni olórí àwọn ọmọ onílẹ̀. Ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé Ìtẹ̀lé ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. Kí iṣẹ́ yìí tó dé, inú abọ́ kan náà la ti máa ń jẹun nílé Ìyá. Ó máa ń yọ ẹran inú abọ́ jù mí lọ, n ó bú u, á bú mi padà. Ìyá pe àwa méjèèjì lọ́jọ́ tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ bóyá n ó sùn ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi. Ẹ má fi ilẹ̀ òkè yẹn ṣeré o.” A jọ ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ní ìpele kìíní, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló kọ́kọ́ dé àárín. Ọ̀kan nínú àwọn tiwa wá fa etí nẹ́ẹ̀tì tiwa gun orí tiwọn bí ẹnjiníà ṣe wí, ó sì ń kàn án. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi igi ṣọ́bìrì gbá a lẹ́nu.

“Kí àlejò wá gun orí ọmọ onílẹ̀!” ni ẹni tó gbá a ń kígbe. “Lórí ilẹ̀ ta ni!”

Mo ti wà láàárín wọn kí n tó mọ̀. Mo fi hẹ́ẹ̀dìpáànù gbá ẹnì kan láyà, ẹnì kan gé mi jẹ léjìká. Ọmọ-ọmọ Ìyá di ọ̀kan nínú àwọn tiwa lọ́rùn mú, ó ń fi ojú rẹ̀ ra ilẹ̀ yangí, awọ iwájú orí ẹni yẹn bó sílẹ̀. Awakọ̀ rólà ló là wá. Kò tẹ fèrè, ó kàn wa irin ńlá yẹn bọ̀ láàárín wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá fẹ́ di pẹlẹbẹ wá ọ̀nà gbà.

Fóòmàn bọ́ sáàárín wa. “Ó tó! Kí ẹnikẹ́ni má gun orí ẹnikẹ́ni mọ́! Kí etí méjèèjì kan ara wọn, kẹ́ ẹ fi okùn rán an pọ̀. Mi ò fẹ́ òkú lórí sáìtì mi.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Etí kan etí. A fi okùn rán an ní ìpele mélòó kan. Nígbà tó yá, okùn tán, kò sẹ́ni tó béèrè òmíràn. Kí ẹnjiníà tó dé, ilẹ̀ ti bò ó. Níta, ibi tí a ká etí rẹ̀ sí, ó dán, ó dọ́gba, kò sí bí yóò ṣe mọ̀.

Iṣẹ́ náà ti ga dé àyà ènìyàn nígbà tí ọmọ-ọmọ Ìyá yí ọkàn padà. Ní ọ̀sán kan, a ti kan nẹ́ẹ̀tì tiwa tán, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó dé, ó fa etí tiwọn dání.

“Sún sẹ́yìn. Ìyá mi ló wà nísàlẹ̀ yẹn.”

“Ìyá tèmi náà ni.”

“Jẹ́ n fi tiwa lé e kó lè dì mú. Ṣebí o gbọ́ ohun tí ẹnjiníà wí.”

“Fi tiyín sábẹ́ nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. “Ará òkè yìí! Orí ilẹ̀ bàbá mi lo ti ń yan ibi tí n ó wà fún mi?”

Àwọn tiwa ti ń hó lẹ́yìn mi. “Má gbà o! Tó o bá gbà, yẹ̀rì la máa rà fún ẹ!” Àwọn tirẹ̀ náà ń hó. “Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Gun orí ẹ̀!”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nẹ́ẹ̀tì tiwọn gun orí tiwa, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé òòlù sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀.

Egungun wà lábẹ́ òòlù, èèkàn irin wà lábẹ́ egungun. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wò mí. Ó ní, “Ah,” jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn kan fún. Lẹ́yìn náà ló ké. Dígà kan fò kọjá létí mi, èkejì bà mí lẹ́yìn. Wọ́n lù mí bí ejò àìjẹ. Mo rántí bàtà, mo rántí ẹ̀jẹ̀ àti yangí lẹ́nu mi, mo rántí pé ẹnì kan dì mí lẹ́sẹ̀ mú tó fẹ́ wọ́ mi jù sísàlẹ̀ kí àwọn tiwa tó gbà mí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, fóòmàn fúnra rẹ̀ ká nẹ́ẹ̀tì wọn kúrò lórí tiwa, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Etí kan etí. Bẹ́ẹ̀ la sì ṣe é títí dé òkè pátápátá.

Ìyá ti gbọ́ kí n tó délé. Ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá ibùsùn rẹ̀ ló fi nà mí, lójú, lórí, ní ẹ̀yìn mi tó ti bó. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin. Àwọn ará ilé ń pariwo, “Ìyá, ẹ má fi ìgbálẹ̀ nà án!” Ó nà mí títí apá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sórí sàréè ọkọ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú ilẹ̀kùn mi, kò kí mi.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun ní Ojú Òrè. Egungun náà jọ, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ó ń dá ọwọ́ náà kọ́ ọrùn kiri.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbin koríko sí i lára, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá ya fọ́tò níbẹ̀. Ìyá dúró nísàlẹ̀, ó wo òkè náà títí. “Ẹ ṣeun,” ló wí fún àwọn tó ń kọjá. “Ẹ ti tún ibùsùn mi ṣe.” Èmi tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, mo yà gba ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀sán ni òjò yẹn dé. Kì í ṣe òjò tó ń kán, òjò tó ń lu ilẹ̀ ni. Ọmọ-ọmọ Ìyá wà nílé, ó wá jẹun. Àwa méjèèjì kì í wo ojú ara wa mọ́. Omi kọ́kọ́ ń jáde láàárín òkè, ó mọ́. Nígbà tó ṣe, ó pọ́n. Ó wá ń jáde lórí ìlà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, níbi tí nẹ́ẹ̀tì wa ti pàdé tiwọn, bí àpò gàrí tí rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tú.

Ìyá ti wà níta. Ó mú ọkọ́, ó ń wa yẹ̀pẹ̀ jọ yí sàréè àti ibùsùn rẹ̀ ká, omi ti dé orúnkún rẹ̀.

“Ìyá! Ẹ wọlé! Rárá, ẹ má wọlé, ẹ sá!” Mi ò mọ ohun tí mò ń wí.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tó dáa fà á, Ìyá fi igi ọkọ́ lù ú láyà. Ó tún fà á, Ìyá tún lù ú. “Fi mí sílẹ̀! Kí n lọ síbo? Ọkọ mi dà?” Ó gbìyànjú láti gbé e, ọwọ́ tó wọ́ náà yẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Ó yíjú sí mi. Ó ń sunkún, ó ń bú mi.

“Gbé e! Ìwọ, ọmọ àlè, gbé e! Ọwọ́ kan ò gbé e!”

Mo gbé e lé èjìká. Ó bá mi jà. Ó fi èékánná fà mí lójú ya, ó gé mi lọ́rùn jẹ, ó ń pe ọkọ rẹ̀ ní oríkì. Mi ò lè sáré, ẹrẹ̀ dì mí lẹ́sẹ̀ mú. Ká ní àwa méjèèjì ló gbé e, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe ká ti kọjá ògiri ilé kí òkè tó ya. A ò tíì kọjá rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀. Ilẹ̀ pupa jáde láàárín nẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó ti ilé náà láti ẹ̀yìn, ògiri wó lé wa. Búlọ́ọ̀kù bà mí lẹ́sẹ̀. Ìbàdí Ìyá ló gba èyí tó pọ̀ jù. Mo gbọ́ ọ tí ìbàdí náà kán, ó wà lórí èjìká mi.

Nígbà tí òjò dá, kò sí ilé mọ́, kò sí sàréè, kò sí ibùsùn. Òkìtì pupa kan ló wà níbẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn.

Ẹnjiníà gé ìyókù òkè náà wò. Ó rí ìlà náà. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. “Ta ló ṣe èyí?” ló bi wá. Gbogbo wa wolẹ̀, tiwa tiwọn. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ yẹn yíjú sí fóòmàn, ó gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sorí kodò.

Àwọn mìíràn ni wọ́n mú wá tún un ṣe. Wọ́n ní ìdí òkè náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ síwájú kó tó lè gbé ara rẹ̀. Wọ́n kó òkúta ńlá ńlá àti nẹ́ẹ̀tì sórí gbogbo ibi tí ilé Ìyá wà tẹ́lẹ̀, wọ́n fún ìdílé náà ní ilẹ̀ sí ibòmíràn. Ìyá wà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ìtẹ̀lé, kò lè dìde mọ́. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Ṣé wọ́n ti wa ilẹ̀ yẹn kúrò?” Mo ní wọ́n ń wà á lọ́wọ́. Mi ò lè padà lọ mọ́ lẹ́yìn irọ́ yẹn.

Ojú Òrè ni mo wà, níbi tí mo ti ń da búlọ́ọ̀kù, nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rìn wọlé ní òwúrọ̀ kan pẹ̀lú dígà.

“Ìyá ti kú,” ló wí. “Wọ́n á sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Dìde, ká lọ ṣí ibẹ̀.”

“Ibo?”

“Ibùsùn ẹ̀. A máa gé e, a máa wà á dé ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà. Tá a bá gbé e sí i tán, a ó dí i padà.”

Mo tẹ̀ lé e. N kì í ṣe ẹni tó lè sọ fún un pé rárá níbẹ̀ yẹn. Nígbà tí a dé ìdí òkè, mo wo àwọn ilé tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aránṣọ kan wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ náà wà lórí okùn. Ojú ọ̀run ṣú.

Ó gbé dígà, ó sọ ọ́ mọ́ ojú nẹ́ẹ̀tì. Ó tún gbé e. Ilẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde.

“Ó tó,” mo wí. “Tó o bá gé e, ó máa tún ya. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ yẹn.”

“Ìgbà yẹn, Ìyá mi kì í ṣe ènìyàn?”

Ó sọ dígà náà sí mi. Mo yẹ̀ ẹ́, ó fa etí ṣẹ́ẹ̀tì mi ya. Mo dì í mú, a ṣubú, a ń yí nínú òkúta. Ó fi orí kàn mí lẹ́nu, ó fi orúnkún gún mi nínú ikùn. Ó lágbára jù mí lọ láti ilẹ̀, kò sì fẹ́ jáwọ́. Ni mo bá wá ọwọ́ yẹn. Mo mọ ibi tó ń dùn ún. Èmi ni mo fi ìrora náà síbẹ̀. Mo di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú, mo yí i, mo sì ń yí i lọ títí dígà fi bọ́, títí ó fi ké bó ṣe ké lọ́jọ́ òòlù. Mo jókòó lé e láyà. Ó ń tutọ́ sí mi lójú, mi ò nù ún. Aránṣọ náà àti ìyàwó rẹ̀ jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Wọn ò mọ ohun tí à ń jà lé lórí.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, “Dìde lára mi. Wọ́n ń dúró dè wá.”

Ìtẹ̀lé ni wọ́n sin Ìyá sí, lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó tó àkókò kí ẹbí bọ́ sínú ilẹ̀ láti gbà á, ààfáà wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ náà, ó ti wú bí iṣu. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe mi. Ààfáà béèrè bóyá ẹbí ni mí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ètè mi tó bẹ́ àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ya, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ààfáà ṣe ń wí fún mi.

Nígbà tí a bò ó tán, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá dúró tì mí.

“Má wá sí àdúrà fìdáù,” ló wí. “Màmá mi ò fẹ́ rí ẹ.”

Mo ní mo gbọ́. Mo bi í bóyá kí n bá a lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to egungun, ó ní rárá, ó mọ ọ̀nà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Ojú Òrè. Búlọ́ọ̀kù tí mo dà láàárọ̀ ti gbẹ jù, kò sẹ́ni tó bu omi wọ́n ọn, púpọ̀ nínú wọn ti sán. Mo fọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.